Ìlà Pupa tí Rìnsọ́lá Fà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ìyàwó mi jẹ́, ẹ wo aṣọ tó bá sá. Tọmọdé lọ́tọ̀, tàgbà lọ́tọ̀, ìbọ̀sẹ̀ ní méjì-méjì. Tíṣà ni Rìnsọ́lá ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí ní Ìwó, èmi sì ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ ní Excel níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tíṣà ni ilé wa ò ti sinmi. Ó ya ṣáàtì, àwòrán tó ń fi iye hàn, fún iná mànàmáná, ó ya ti gáàsì ìdáná. Mo ní ó ku kó ya ti ìhanrun mi. Ó ní òun ti ń rò ó.

Ṣùgbọ́n ohun tó ká a lára jù ni kíláàsì ìwé kíkà tó dá sílẹ̀ fún àwọn ìyá àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń pàdé. Yàrá ìpàdé ni wọ́n ń lò, torí fèrèsé ibẹ̀ gbòòrò, iná sólà sì wà níbẹ̀, ojú àwọn màmá náà ò sì ríran dáadáa mọ́. Ẹnì kan nínú wọn, Màmá Àjíkẹ́, máa ń gun ọ̀kadà wá láti Kuta. Wọ́n fẹ́ fi ojú ara wọn ka Sáàmù kí wọ́n tó kú, wọn ò sì fi bò.

Àfi bí Díákónì Ọ̀jẹ̀túndé, alága ìgbìmọ̀ wa, ṣe ní kí wọ́n máa kó ohun èlò orin sí yàrá náà, kí àwọn màmá máa lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, tí òjò ń fẹ́ wọ̀! Inú bí mi, àmọ́ èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀, mi ò lè gbèjà ìyàwó mi. Wọ́n ní kí Rìnsọ́lá wá fi hàn bóyá àwọn èèyàn ṣì ń wá.

Láàárọ̀ Sátidé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ya ṣáàtì iye àwọn tó ń wá. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀, bí èèyàn bá ṣe pọ̀ tó ni òpó ṣe ga tó. Mo ní ó ti tó.

"Bàbá Dárasími, ó ku ìpíndọ́gba."

Ó ro iye gbogbo ọ̀sẹ̀ pọ̀, ó fi iye ọ̀sẹ̀ pín in, ó kọ èsì náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní kí kọ̀ǹpútà fà á ní ìlà. Ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan là á já látòkè délẹ̀—rárá, láti òsì dé ọ̀tún, ó dùn ún wò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó din dòdò fún wa.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ìgbìmọ̀ jókòó sí yàrá ìpàdé náà, ó sì fi ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde láti inú kọ̀ǹpútà tan ṣáàtì náà sára ògiri. Díákónì bọ́ ìgò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́.

"Tíṣà, ìlà wo nìyẹn?"

"Ìpíndọ́gba ni, sà. Iye tó yẹ ká máa retí lọ́sẹ̀ kan."

"Ó dáa. Kí ló dé tí gbogbo ọ̀sẹ̀ fi wà lábẹ́ rẹ̀, àfi ẹyọ kan?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òpó kan ṣoṣo ló yọ lórí ìlà, ó ga fíofío. Ìyókù dà bí arúgbó tó lọ́ṣọ̀ọ́. Ìlà tí ẹnikẹ́ni ò bẹ Rìnsọ́lá pé kó fà ló fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó sún mọ́ ògiri, ó wo déètì abẹ́ òpó gíga náà, ló bá kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ọjọ́ tí kíláàsì pé ọdún kan nìyẹn. Gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ló wá bá wa yọ̀. Rẹ́jísítà wà lẹ́nu ọ̀nà, kálukú sì ń kọ orúkọ tiẹ̀. Mi ò lè sọ fún àgbà pé kó má kọ ọ́."

"Àwọn wo ni àgbà?"

"Ẹ̀yin náà kọ tiyín, sà."

Ẹ̀rín sọ. Díákónì gan-an rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Yọ èmi àti àwọn àlejò kúrò níbẹ̀ jàre, ká rí i."

Rìnsọ́lá yọ àwọn àlejò kúrò lórí kọ̀ǹpútà, òpó gíga náà kúrú, ìlà pupa sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn òpó kan ga ju ìlà lọ díẹ̀, àwọn kan rẹlẹ̀ díẹ̀. Kò sí èyí tó jìnnà sí i. Àwọn màmá wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í pa kíláàsì jẹ.

"Ẹ fi yàrá wọn sílẹ̀ fún wọn," ni Díákónì wí. Kíá ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó yí ọkàn padà.

Ìta ni Màmá Àjíkẹ́ ti ń dúró gbọ́ ìròyìn. Nígbà tí Rìnsọ́lá sọ fún wọn, wọn ò fò, wọn ò dúpẹ́. Wọ́n kọjá láàárín àwa ìgbìmọ̀ tó ń jáde, wọ́n jókòó sórí àga tí Díákónì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀, wọ́n sì ṣí Bíbélì.

"Tíṣà, ibo la dé?"

Rìnsọ́lá gbé kọ̀ǹpútà lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ jókòó tì wọ́n.