Ọ̀rọ̀ Tó Wà Nísàlẹ̀ Ojú Ewé

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn fún ẹni tó bá bi mí bí mo ṣe di alábòójútó ojú òpó ìlú wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tíṣà ni mí nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Ọ̀yẹ́, mo sì ń gbé pẹ̀lú ìyá mi ní Ìtàjí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Èkó ló ní àwọn fẹ́ ojú òpó, kí ayé lè mọ̀ wá. Wọ́n ṣe ìpàdé lé e lórí, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n wá gbé e lé mi lọ́wọ́ nítorí pé èmi nìkan ni wọ́n mọ̀ tó lè tẹ kọ̀ǹpútà láìwo ọwọ́.

Èmi ní tèmi, kì í ṣe ayé ni mo fẹ́ kó mọ̀ wá. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti lọ sí òkè òkun láti ìgbà tí mo ṣì wà nílé ìwé. Ó kọ́kọ́ ń kọ lẹ́tà, ó tún ń pe fóònù sílé àlùfáà wa lẹ́yìn ìsìn, títí di ìgbà tí kò kọ mọ́, tí kò sì pè mọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi dùn o, kò dùn o, a ò mọ̀. Ìyá mi ń dàgbà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ohun kan ṣoṣo tó sì ń tọrọ nínú àdúrà ni pé kí ọmọ òun dé kí ojú òun tó fọ́. Mo wá rò ó pé kò sí bí ọmọ ènìyàn ṣe lè wà níwájú kọ̀ǹpútà nílẹ̀ òkèèrè kó má tẹ orúkọ ìlú rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan. Bó bá tẹ̀ ẹ́, kó bá wa níbẹ̀.

Mo fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sójú ewé náà. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀.

“Àwọn tí wọ́n ń ka orúkọ wọn lórí rédíò, òkú ni wọ́n, àbí ẹni tó sọnù,” ló wí. “Ọmọ mi ò kú, kò sì sọnù. Ó mọ ọ̀nà ulé.”

Oríkì rẹ̀ ló ní kí n kọ, èyí tó fi máa ń jí i láàárọ̀ nígbà tó wà ní kékeré, kí n sì fi ọ̀rọ̀ òun tẹ̀ lé e: “Ilẹ̀ ti mọ́ o. Èmi ìyá rẹ ṣì wà. Máa bọ̀ ní ulé.” Mo kọ ọ́ bó ṣe wí, títí kan “máa bọ̀ ní ulé” tó fi máa ń pè wá kúrò níbi eré ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n oríkì kò ṣe é fi wá ènìyàn lórí ẹ̀rọ, nítorí àìmọye ènìyàn ló ń jẹ́ ẹ nílẹ̀ Yorùbá. Orúkọ ìlú nìkan ló kù tí a lè gbára lé.

Orúkọ ìlú náà ò sì gbè wá. Nígbà tí mo jókòó sí kafé íńtánẹ́ẹ̀tì ní Ìkọ̀lé tí mo tẹ Ìtàjí sínú ẹ̀rọ ìwárí, àwọn tó kọ́kọ́ jáde ni àwọn òyìnbó tó ń sọ bí oòrùn ṣe mú tó lọ́dọ̀ wa, àti àwọn tó fẹ́ bá ènìyàn gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì Ìtàjí. Ìtàjí tí kò ní hòtẹ́ẹ̀lì kankan! Mo ṣí ojú ewé títí kí n tó rí tiwa lẹ́yìn lọ́hùn-ún, bí ẹni tí wọn ò pè síbi àsè. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lu tábìlì oníkafé.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń kọ ọ́ káàkiri pé ẹ̀rọ ìwárí kì í sábà padà síbi tí kò bá sí nǹkan tuntun. Tiwa rèé, láti ìgbà tí mo ti kó ìtàn ìlú àti àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ó ti parí. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Ìtàjí lójoojúmọ́ ná? Wọ́n gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n fọ epo, ilẹ̀ ṣú. Ọ̀nà tí wọ́n ní kí a gbà ni ohun tí wọ́n ń pè ní fíìdì: ìlà kékeré kan ni, tí ènìyàn á fi sínú ojú òpó rẹ̀, tí á sì máa fa àkọlé ìròyìn àwọn ẹlòmíì wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ènìyàn á sùn, ojú òpó rẹ̀ á máa yí padà.

Mo fa ìròyìn Àbújá. Mo fa iye tí wọ́n ń ta epo rọ̀bì. Mo fa bọ́ọ̀lù Ìlú Ọba, nítorí ìyẹn ni kì í tán. Gbogbo Sátidé ni mo ń gun ọ̀kadà lọ sí Ìkọ̀lé. Bí mo bá dé, iná á lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá gbà, íńtánẹ́ẹ̀tì á kọ̀. Bí méjèèjì bá gbà, ọ̀kan nínú àwọn fíìdì yẹn á ti kú, á sì fi àpótí òfìfo sílẹ̀ láàárín ojú ewé. Ẹ̀yìn ń dùn mí, èéfín jẹnẹrétọ̀ sì ń bá mi délé.

Ìròyìn tuntun ló ń wà lókè, òun ló sì ń ti gbogbo nǹkan yòókù sísàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìyá mi ṣe bọ́ sísàlẹ̀ pátápátá nìyẹn, lábẹ́ bọ́ọ̀lù. Mo sọ fún un. Kò tilẹ̀ ká a lára.

“Ṣé bí àlejò bá wọlé, ọ̀rọ̀ la kọ́kọ́ ń sọ fún un ni?” ló bi mí. “Ṣebí a ó fún un lómi. A ó bi í pé báwo lọ̀nà. A ó bá a sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ ọjà. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ la ó tó sọ ohun tí a tìtorí rẹ̀ pè é. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Á kà á débẹ̀.”

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ọmọlúàbí kì í da ọ̀rọ̀ gidi lu àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Fíìdì náà sì ṣiṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ la ń gòkè. A kọjá àwọn tó ń wọn oòrùn, a kọjá àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì, títí a fi wà lókè téńté. Inú àwọn ará Èkó dùn, wọ́n ní kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará Ìfìsìn ránṣẹ́ pé kí n wá ṣe tiwọn. Àwọn ènìyàn ń wọ ojú òpó náà láti ibi gbogbo, bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni a ò gbúròó rẹ̀.

“Ṣé ó ti dáhùn?” ni ìyá mi máa ń bi mí bí mo bá ti Ìkọ̀lé dé. Mo wá kórìíra ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó yá, kò fẹnu bèèrè mọ́. Á kàn gbójú sókè bí ọ̀kadà bá dúró, á sì tún gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú ọ̀hún kò ríran mọ́, etí ló wá ń dẹ.

Ẹ̀yìnkùlé la wà, à ń bó ẹ̀gẹ́, lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi dé. Ó ti hewú. Báàgì kan ṣoṣo ló gbé dání. Ìyá mi gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó ní, “Ta nìyẹn?” Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gẹ́. Ìyá mi fọwọ́ pa orí rẹ̀, ó kan àpá tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ó sì pe oríkì rẹ̀. Mo sunkún, n ò ní purọ́.

Nígbà tó ku èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nídìí kànga, mo bi í bóyá ó rí ojú òpó wa rí.

“Èyí tó ní bọ́ọ̀lù?” Ó rẹ́rìn-ín. “Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo tẹ orúkọ ìlú wa, òun ló kọ́kọ́ jáde. Mo máa ń ka èsì bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo rò pé àwọn oníwèé ìròyìn kan ló ya orúkọ ìlú wa lò ni.”

Mo bi í pé kí ló wá gbé e wálé.

“Ó rẹ̀ mí ni, àbúrò mi.”

N ò lè bínú sí i. Ó ti rẹ èmi náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ẹ̀rọ àbúrò rẹ ló pè ọ́ wálé,” ló wí. “Ṣé o rí ọ̀rọ̀ tí mo ní kó kọ síbẹ̀?”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo wo ilẹ̀.

“Mo rí i, Yèyé.”

“Kí ni mo wí?”

Ó ní, “Ẹ ní kí n máa bọ̀ ní ulé.”

Ìyá mi pàtẹ́wọ́. Ó yí ojú tí kò ríran náà sí ọ̀dọ̀ mi.

“Ṣé o gbọ́? Mo sọ fún ọ pé á kà á dé ìsàlẹ̀.”

“Mo gbọ́, Yèyé,” ni mo wí.