Òkè Sóbì Kò Ṣípò Padà

Òórùn amọ̀ tútù ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ní agboolé wa ní Òkèlélé, kí àwọn àgbà tó kírun Àsùbáà tán ni ìyá mi ti máa ń ká àkísà tútù kúrò lórí amọ̀ rẹ̀. Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, òórùn náà sì wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: amọ̀, eérú ibi tí wọ́n ti sun ìkòkò lánàá, àti ẹ̀kọ gbígbóná. Inú mi dùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí bí mo bá rántí.

Iṣẹ́ tèmi kí n tó lọ sílé-ìwé ni láti to ìkòkò tútù sí ibòji. Ìkòkò tí a kò tíì sun kò gbọdọ̀ rí oòrùn gangan. "Ìkòkò tó bá kánjú gbẹ, sísán ni yóò sán," ni ìyá mi máa ń wí, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ náà bá àwa ọmọ wí pẹ̀lú. Ògiri gígùn kan wà láàárín agboolé wa, ó na láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí Òkè Sóbì ni ibòji máa ń wà lọ́sàn-án. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, oòrùn a rékọjá orí wa, ibòji a sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá mi á ní, "Oòrùn ti kó lọ sí Sóbì, ẹ gbé ìkòkò mi kúrò lójú rẹ̀." Gbogbo ilé amọ̀kòkò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó kà á sí ọgbọ́n.

Àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ìdí jókòó ní Ìlọrin nígbà náà, ilé-ìwé wọn kò sì wu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bàbá mi ti kú. Àbúrò rẹ̀, Bàbá Kékeré, fẹ́ mú mi lọ sí abúlé rẹ̀ kí n máa bá a roko. Ó ní kéwú tí mo kà ti tó mi. Ìyá mi kọ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, kí Bàbá Kékeré tó gbà pẹ̀lú àdéhùn kan: ọjọ́ tí wọ́n bá lé mi nílé-ìwé ni òun yóò mú mi lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá òun jiyàn mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Tíṣà wa kó wa jáde sí gbangba. Ó mú aago àpò rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ìwé lọ́wọ́ kejì. Ó ní ẹni tó bá ní aago kò lè sọnù nínú igbó. "Ẹ kọjú ọwọ́ kékeré aago sí oòrùn. Àárín ọwọ́ náà àti méjìlá, gúúsù nìyẹn." Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí, nítorí náà ó gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan nàró kí ó lè fi òjìji rẹ̀ mọ ibi tí oòrùn tẹ̀ sí. Ọwọ́ kékeré náà ti ń kan méjìlá. Bí ìwé bá tọ̀nà, ibi tí oòrùn tẹ̀ sí gan-an ni gúúsù. Oòrùn sì tẹ̀ sí Sóbì. Tíṣà na ọwọ́ sí òkè náà, ó kígbe: "Gúúsù!"

"Gúúsù!" ni gbogbo kíláàsì dáhùn.

Kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tí kì í kírun. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí a bá kọjú sí ìlà oòrùn láti kírun, ọwọ́ òsì wa ni Sóbì máa ń wà. Síbẹ̀ wọ́n pariwo gúúsù. Mo nawọ́.

"Tíṣà, Sóbì nìyẹn. Àríwá ló wà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìkòkò ìyá mi ni, sà."

Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ibòji, ẹ̀rín kò jẹ́. Sàláwù, tó dàgbà jù nínú wa, ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Tíṣà Ìkòkò!" Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó nà mí lẹ́gba, ó ní kí n máa lọ sílé. Bí mo bá fẹ́ padà, kí ìyá mi mú mi wá, kí n dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì, kí n sì fi ẹnu ara mi sọ pé gúúsù ni Sóbì wà.

Mo sáré délé. Mo rò pé ìyá mi yóò gbé ìjà mi. Ìdí ògiri ni mo bá a, láàárín àwọn ìkòkò tí mo tò láàárọ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán.

"Ṣé irọ́ ni mo pa, Ìyá?"

Ó wo ògiri náà. "Irọ́ kọ́."

"Ẹ wá sọ fún un nígbà náà."

"Bàbá Kékeré ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ṣé o fẹ́ kó bá ọ nílé ni?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Kò bi mí bóyá ẹnu tèmi ni àáké náà.

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ tó ń rùn fún amọ̀ ló tẹ ọrùn mi wálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Gúúsù ni Sóbì wà, sà." Ìyá mi kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì fi tirẹ̀ kún un láìsí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀: "Tíṣà, ẹ forí jì í, ọmọdé ni. Ìwé ò lè purọ́." Ẹgba Tíṣà ti kúrò lára mi tipẹ́. Gbólóhùn yẹn kò tíì kúrò.

Mo jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì láìpẹ́ yìí, mo sì ti gbìyànjú láti dá ẹjọ́ náà láìṣe ojúsàájú. Ìwé náà kò purọ́ fún àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún. Ní ilẹ̀ òyìnbó tiwọn, oòrùn ọ̀sán kì í kúrò ní ìhà gúúsù láéláé. Ká ní ìgbà ọyẹ́ ni Tíṣà dán an wò níhìn-ín, ì bá bọ́ sí i. Nítorí náà mi ò pè é ní òpùrọ́. Ohun tí mo kà sí i lọ́rùn ni pé òjìji igi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òkè wà níwájú rẹ̀, ọmọ kan sì sọ̀rọ̀. Ẹgba ló fi dá gbogbo wọn lóhùn.

Lójò ọdún yìí, mo mú aago tèmi lọ sí ìdí ògiri náà lọ́sàn-án. Mo kọjú ọwọ́ kékeré rẹ̀ sí oòrùn.

"Ìyá, ẹ wá wo ibi tí aago yìí pè ní gúúsù."

"Gbé e kúrò níbẹ̀, mo fẹ́ to ìkòkò."

"Ẹ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ sì ní ìwé ò lè purọ́."

"Mo mọ̀." Kò gbójú sókè. "Ká ní mo sọ ọ́ ni, oko ni ò bá wà. Níbo lò bá ti rí aago tí o fi ń dá mi lẹ́jọ́?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí mo ṣe máa ń ṣe, mi ò rí ibi tí ó ti ṣìnà. Ọmọ tó nawọ́ ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn ì bá fún un lésì lójú ẹsẹ̀. Èmi fi aago sápò, mo gbé ìkòkò kan, mo ń gbé e lọ sí ibòji. Ìbínú mú kí n dì í mú ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá mi rí i.

"Rọra," ni ó wí. "Kò tíì gbẹ."