Máfojúdíwọ̀n àti Ìbéèrè Mẹ́fà

Olórí kunkun ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó kò ní bá mi jiyàn. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Máfojúdíwọ̀n ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí bí ìkọ̀wé dókítà bá rí wúruwùru, kò ní fún ọmọ kankan lóògùn àfi tó bá tọ dókítà lọ. Kódà kí dókítà wà nídìí oúnjẹ, yóò dúró tì í lórí ni. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nọ́ọ̀sì kan méfò ìwọ̀n oògùn ọmọ kan níṣojú rẹ̀, ọmọ náà kò sì jí mọ́. Láti ọjọ́ náà, ohun tí kò bá dá a lójú, ọwọ́ rẹ̀ kì í kàn án.

Òfin tuntun wá dé: nọ́ọ̀sì tí kò bá yege nínú ìdánwò ìwé kíkà lédè Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n gbà kí èèyàn ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wo èsì rẹ̀, inú sì bí mi gidi. Ìbéèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ló pa á: wọ́n á fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan nínú àyọkà, wọ́n á to ìdáhùn mẹ́rin síwájú èèyàn. Èyí tó mọ̀, ó gbà á. Èyí tí kò dá a lójú, ó fi í sílẹ̀ lófìfo.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn yan ọ̀kan ṣáá. Kò sẹ́ni tó máa kú níbẹ̀."

Ó ní òun kì í méfò. Oṣù méjì gbáko la fi jà lórí ìdánrawò, nídìí tábìlì inú ilé ìdáná mi. Bó bá ṣiyèméjì, màá fi ìka lu tábìlì, ó sì gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan kí n tó lù ú lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n fi í sínú yàrá kótópó kan tí kò ní fèrèsé, aago ń kà lọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó ku ìbéèrè mẹ́fà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ní òun rò ó wò: Bí òun bá fi wọ́n sílẹ̀, iṣẹ́ lọ. Bí òun bá méfò, kí ni òun fi yàtọ̀ sí nọ́ọ̀sì tí ọmọ kú sí lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é gbé mì, kò sì ṣe é tu. Ló bá ń gbọ́ ìró ìka mi lórí tábìlì lọ́kàn rẹ̀. Ó yan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ó yege. Mo jó yí ilé ká. Òun kàn ní kí n rọra, òun fẹ́ sinmi.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó wọlé tọ̀ mí wá tòun taṣọ iṣẹ́. Ó ní dókítà kọ ìwé oògùn kan, kò hàn bóyá márùn-ún ni àbí àádọ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ti yan ọ̀kan, ó ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ tán, ó ti di apá ọmọ mú, kí iyè rẹ̀ tó sọ. Ó da oògùn nù, ó lọ bá dókítà. Márùn-ún ni.

Mo bi í pé nínú méjèèjì, èwo ló ti fà sínú abẹ́rẹ́.

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé tábìlì níwájú mi. Ó ní, "Ìwọ lo kọ́ ọwọ́ yìí láti méfò. Bá mi kọ́ ọ kó gbàgbé."

Mo wo ọwọ́ náà. Mi ò mọ ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.