Wàláà Tí A Kì Í Fọ̀

Bí ẹ bá dé Modákẹ́kẹ́ tí ẹ bèèrè Fàòsíyà Lágúnjú, ẹni tí ẹ bi yóò kọ́kọ́ wo ọwọ́ yín bóyá ẹ mú igi dání. Èédú ló ń tà. Àpò èédú tí ọkùnrin méjì máa ń pín gbé, òun nìkan ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ látinú ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí ìgbájú rẹ̀ kì í fi í ṣe ohun tí èèyàn ń gbàgbé bọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ilé mi kọjú sí tiwọn, ìjà Fàòsíyà tí mo ti là ti ya mí láṣọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Oníjà ni wọ́n ń pè é. Wọn kò purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó ń tìtorí rẹ̀ jà ni wọn kì í sọ, ìyẹn ló sì ń bí mi nínú.

Baba tó bí baba ńlá rẹ̀, Àáfà Lágúnjú, onímọ̀ gidi ni. Lẹ́tà Lárúbáwá ló fi ń kọ Yorùbá: wáàsí, oògùn, ìtàn bí wọ́n ṣe sá kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ìwé rẹ̀ kún àjà. Nígbà ìjà ìlú, nígbà tí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ń sun ara wọn nílé, iná jó àjà náà. N kò ní sọ ẹni tó ṣáná sí i. Ọwọ́ kò mọ́ níhìn-ín, kò sì mọ́ lọ́hùn-ún. Fàòsíyà ò ju ọ̀dọ́mọbìnrin lọ nígbà náà. Ìbọn ba baba wọn níkùn nínú àgbàlá, ó sì ń fi ọwọ́ kó ìfun ara rẹ̀ padà bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

“Wàláà,” ló wí. “Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án o.”

Ó kú síbẹ̀. Fàòsíyà bá wọ inú iná lọ. Ogunná já bọ́ sí i lọ́rùn, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní bí awọ orí ẹ̀kọ tútù. Ó gbé wàláà náà jáde, ó pọn Abdulwaheed àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn, ó gba inú igbó dé Ìpetumodù.

Ẹni tó bá ti dé ilé kéwú rí mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Wàláà ni pákó tí wọ́n ń fi tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ sí. Ọmọ á máa kà á títí yóò fi wọ̀ ọ́ lórí. Ìgbà tó bá mọ̀ ọ́n lórí tán ni wọ́n tó ń fọ̀ ọ́ láti kọ òmíràn. Wọn kì í da omi ìfọ̀ yẹn nù. Hàǹtú nìyẹn, aláìsàn ń mu ún fún ìwòsàn. Kò sí wàláà tí kì í rí omi, àfi ọ̀kan ṣoṣo yìí, torí ọwọ́ Àáfà Lágúnjú fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ìkọ̀wé rẹ̀ mìíràn ò sì kù láyé.

Nígbà tí wọ́n padà, tí wọ́n tún ilé kọ́, wọ́n gbé e kọ́ ògiri yàrá iwájú, níbi tí Abdulwaheed ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Fàòsíyà ò lè kà á. Èédú ló ń rù kí àbúrò rẹ̀ lè kàwé, ó sì gbà pé bí òun bá ti ń ṣọ́ ọ, ó tán. Ọkọ rẹ̀ gbé korobá omi sí abẹ́ wàláà náà lọ́jọ́ kan; korobá náà ni Fàòsíyà fi là á lórí, ìgbéyàwó parí síbẹ̀. Ọmọ yunifásítì kan tó gba yàrá lọ́dọ̀ wọn fẹ́ fi fóònù yà á ní fọ́tò. Fàòsíyà ní bí olè ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó gba fóònù, ó gún un nínú odó. Ọmọ náà kó lọ sí Ilare lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, n kò dá a lẹ́bi.

Àtàndá ló kó ìjàǹbá wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n baba wọn ni, ó ṣáájú àwọn méjèèjì dáyé, ó sì ti bá oníṣòwò kan sọ ọ́ pé òun yóò wó ilé náà kí wọ́n fi kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì pẹ̀lú àwọn jàǹdùkú mẹ́ta. Èmi ń run orín lọ́wọ́ lójú fèrèsé.

“Ẹ kó ẹrù yín,” Àtàndá wí. “Ilé ti gbó.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́,” Fàòsíyà dá a lóhùn, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká pe àwọn àgbà ilé. Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ Àáfà wà?”

“Pákó yẹn? Igi ìdáná lásán!”

Fàòsíyà dìde. “Ìwọ Àtàndá,” ló wí.

Bí “ẹ” bá kúrò lẹ́nu àbúrò tí “ìwọ” wọlé, kí oníkálukú wá ibi sá sí. Ọ̀kan nínú àwọn jàǹdùkú náà ti nawọ́ sí ògiri, ó já wàláà lulẹ̀. Fàòsíyà fa ọmọ odó yọ, ó fi gbá a léjìká. Mo gbọ́ bí eegun ṣe ró láti ilé mi. Abdulwaheed sáré wọ àárín wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n ní orúkọ Ọlọ́hun. Àtàndá fi orí kàn án nímú, ó gbé e ṣubú, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ojú Abdulwaheed ń yọ síta. Nígbà tí Fàòsíyà rí ìyẹn, ó ju ọmọ odó náà sókè, ojú Àtàndá ló sọ ọ́ sí. Ojú náà fọ́. Igbe tí ọkùnrin náà ké, n kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ kí n tó kú.

Bẹ́ẹ̀ ni jàǹdùkú kan tó mú àdá dání ṣá Fàòsíyà lápá ọ̀tún, ó kan eegun. Ó tún un ṣá. Fàòsíyà ṣubú, ṣùgbọ́n ó ti gbá wàláà mú. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tú jáde, ó fi ọwọ́ òsì na pákó náà sókè ọ̀run, kí ẹ̀jẹ̀ má baà kàn án. Bẹ́ẹ̀ la bá a nígbà tí gbogbo àdúgbò ya dé, tí àwọn jàǹdùkú fẹsẹ̀ fẹ. Wọn kò jìnnà tí ọlọ́pàá fi mú wọn. Ọsibítù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Àtàndá lọ, ó sì di olójú kan.

Wọ́n rán apá Fàòsíyà, ṣùgbọ́n ó wú, ó ń rùn. Dókítà ní bí kò bá rọ̀ títí di ọjọ́ kejì, gígé ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò kú. Ìbà gbé e lọ débi pé ó ń dá baba wọn tó ti kú lóhùn. Abdulwaheed ti kọ hàǹtú lóríṣiríṣi, ó ti fún un mu, kò sí ìyípadà. Ó wá wò ó pé tàdáwà òun ni kò lágbára, pé àlùbáríkà tó kù nílé wọn kò ju ohun tí Àáfà Lágúnjú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó lọ sílé. Ó já wàláà lára ògiri tí wọ́n ti gbé e padà kọ́ sí, ó bu omi sí i, ó fi ọwọ́ pa á títí pákó fi mọ́ fínnífínní. Ó gbé omi dúdú náà dé ọsibítù, ó rọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan bọ́ sílẹ̀.

Apá náà rọ̀. Bóyá hàǹtú ni, bóyá abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún un ni, ẹ má bi mí.

Ọjọ́ tó délé, mo tẹ̀ lé wọn wọlé láti kí i. Ó wo ògiri, ó wo pákó funfun tó fara ti igun. Ó gbé pákó náà, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu àbúrò rẹ̀: lórí, léjìká, lẹ́nu. Eyín fò. Mo dì í mú, ó gbọ̀n mí dànù bí ẹni gbọn ẹní. Abdulwaheed ò gbọ́wọ́ sókè rárá.

“Ẹ lù mí, Àǹtí,” ló ń wí láàárín ẹ̀jẹ̀. “Ọwọ́ tí ẹ fi ń lù mí yìí, ǹjẹ́ ẹ rò pé yóò wà níbẹ̀ ká ní n kò fọ̀ ọ́?”

Ọwọ́ Fàòsíyà dúró sókè. Ó sọ pákó náà kalẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Kí ló kọ síbẹ̀?” ló béèrè. Láti ọjọ́ yìí wá, kò bi í rí. “Ìwọ tí o mọ̀wé, kà á fún mi.”

Abdulwaheed nu ẹnu. “Mo fẹ́ sọ fún yín tipẹ́, ẹ̀rù yín ló ń bà mí.” Ó di ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ọmọ kéwú: “‘Ẹ̀yin ọmọ mi, ìmọ̀ tí mo rù wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹ má torí rẹ̀ bára yín jà. Ẹni tó bá torí rẹ̀ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀…’”

Ibẹ̀ ló já sí. Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló tún já sí. Òógùn bò ó. Wàláà tí a máa fọ̀ ni ọmọ kéwú ń kọ́ sórí. Èyí tí a kì í fọ̀, tó wà lára ògiri lójoojúmọ́, ta ni yóò há a sórí?

“Kí ló ní kó ṣẹlẹ̀ sí i?” Fàòsíyà béèrè.

“N kò rántí, Àǹtí,” Abdulwaheed wí.

Fàòsíyà fi apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sàn náà di aṣọ rẹ̀ mú lọ́rùn, ohùn rẹ̀ sì ti di ti ọmọdé. “Waheed, mo bẹ̀ ọ́. Ẹni tó bá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí ni Àáfà ní kó ṣẹlẹ̀ sí i?”