Ìbò Tí Mo Fi Ìbínú Dì

Inú mi máa ń yára bí. Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ tí mo kọ́ níwèé fún ọgbọ̀n ọdún ní Òkìtìpupa mọ̀ ọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì wa náà sì mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ kankan rí. Ṣùgbọ́n ìbínú tí mo bí lọ́jọ́ ìdìbò kánsẹ́lọ̀ tó kọjá yìí, díẹ̀ ló kù kó lé ẹni ẹlẹ́ni kúrò nílé.

Ayálégbé mi ni ẹni náà, obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń ta ẹja gbígbẹ. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń gbé yàrá méjì tó kọjú sí kànga nínú ọgbà mi. Omi ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ, ló bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí òkè lọ́dọ̀ wa. Bí èmi àti ìyàwó mi bá ń jà, òun ló máa ń là wá. Bí kò bá sí ẹja nínú ọbẹ̀ wa, ó ti mọ̀ kí a tó sọ.

Nígbà tí wọ́n ń forúkọ àwọn olùdìbò sílẹ̀, èmi ni mo sọ fún un pé kó má wulẹ̀ padà sí etíkun lọ gba káàdì, kó gbà á níbi tó ń gbé. Èmi náà ni mo bá a kọ fọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ọ̀kan nínú àwọn tó ń dìbò níwájú agboolé wa. Gbogbo orúkọ yòókù tó wà nínú ìwé níbẹ̀, bí kò bá jẹ́ ọmọ ilé, á jẹ́ ìyàwó ilé tàbí àna. Òun nìkan ṣoṣo ni Ìlàjẹ.

Àwọn méjì ló ń du ipò kánsẹ́lọ̀ náà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, nítorí náà "ọmọ wa" ni gbogbo ilé ń pè é. A ti fi àga àti tápólì ẹbí síkàáwọ́ ọmọ wa yìí rí. Lónìí, àga mẹ́fà ló ṣẹ́ kù, tápólì sì wà lórí mọ́tò rẹ̀, ó ń gba oòrùn fún un. Ìlàjẹ ni ẹnì kejì. Kò tíì ká eyín tán tí àwọn òbí rẹ̀ fi mú un wá sí Òkìtìpupa, iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ló sì ń ṣe. Nígbà tí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa bàjẹ́, òun ló gbé irinṣẹ́ wá tó tún un ṣe, kò sì sí ìdìbò kankan nílẹ̀ nígbà náà.

Síbẹ̀, ọmọ wa ni ọmọ wa. Lọ́sẹ̀ kan sí ìdìbò, olórí ẹbí pe ìpàdé.

"Tẹni n tẹni," ó ní, "àkísà ni ti ààtàn. Àwa Ìkálẹ̀ la ni ilẹ̀ yìí. Bí a bá gbé kánsẹ́lọ̀ fún ará omi lónìí, lọ́la wọn á ní àwọn ló ni ọjà."

Nínú ẹbí wa, onílé ló máa ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Olórí ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé ìbò mélòó ni yóò jáde nílé kálukú wa. Nígbà tó kàn mí, mo ní mẹ́ta.

"Ṣé obìnrin ẹlẹ́ja yẹn wà nínú ẹ̀?"

"Mo ní mẹ́ta."

"Ó dáa. Bí ìbò ẹyọ kan bá jáde fún ọmọ Ìlàjẹ yẹn níwájú ilé wa, a ti mọ ẹni tó dì í. Kí oṣù tó parí, kó wá ibòmíràn gbé."

Èmi ni mo kọ́ ilé, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ẹbí ló wà. Kò sẹ́ni tó ń kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí tó lè kọtí ikún sọ́rọ̀ ẹbí. Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ bà mí lẹ́rù púpọ̀, nítorí ọmọ wa lèmi gan-an fẹ́ dìbò fún. N kò sọ ohunkóhun fún ìyá ẹlẹ́ja. Ojú tì mí.

Lọ́jọ́ ìdìbò, kò sí ọ̀kadà lójú títì, gbogbo wa jókòó síwájú ilé bí ẹni ń retí àlejò. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn mí lórí ìlà, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe aṣojú ọmọ wa pariwo sí mi lójú gbogbo èèyàn.

"Tíṣà, tòkè pátápátá ni tiwa o! Ẹ má ṣi ìka tẹ̀ o! Ìka tó bá tọ́ símú la fi ń ro imú!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo di ọmọ yìí lọ́wọ́ mú kó tó lè kọ A! Inú bí mi débi pé n kò rí ọ̀nà mọ́. Mo gba ìwé ìdìbò, mo wọ ẹ̀yìn páálí, mo sì tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi gbágbá. Mo ká a, mo sọ ọ́ sínú àpótí, ara mi yá gágá. Ìgbà tí mo yíjú padà ni mo rí ìyá ẹlẹ́ja lórí ìlà, ó fi ọ̀rá wé káàdì rẹ̀ kí omi má bàa kàn án.

"Ẹ kú ìdúró, Tíṣà," ó ní.

Ìgbà náà ni mo tó rántí ohun tí olórí ẹbí sọ. Wọ́n ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Èmi bí tèmi, mo sì gbé e lé ẹ̀yìn ẹlòmíràn.

N kò lè jẹ pupurú tí ìyàwó mi gbé wá lọ́sàn-án. Ó bi mí bóyá ibà ni, mo jágbe mọ́ ọn. Nígbà tí ìdìbò parí, ọmọbìnrin tó ń darí ètò náà da ìwé ìdìbò sórí tábìlì. Ó ń nà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí gbogbo èèyàn lè rí i, àwọn èèyàn sì ń kà á pẹ̀lú rẹ̀, olórí ẹbí ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. "Ení! Èjì! Ẹ̀ta!" Ti ọmọ wa ni gbogbo rẹ̀, títí ó fi dé orí ẹ̀sán-án.

Ìkẹwàá jẹ́ ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi.

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja, níbi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi. Itan ara rẹ̀ ló ń wò. Olórí ẹbí wò ó, ó sì wò mí. Mo dìde. Ẹnu mi ti là. Bóyá ǹ bá sọ pé èmi ni, bóyá ǹ bá kàn wúkọ́ kí n sì tún jókòó, n kò mọ̀. Mo ti bi ara mi lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà, n kò sì rí èsì tó dùn mọ́ mi nínú.

Ọmọbìnrin náà na ìwé mìíràn sókè. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi.

"Èjì," ohùn kékeré kan wí lẹ́yìn.

Òmíràn tún jáde. Òmíràn. Nígbà tó fi máa pé mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó ń wo ìyá ẹlẹ́ja mọ́. Ilẹ̀ ni kálukú ń wò. Ìyàwó olórí ẹbí ń tún gèlè tí kò tú wé. Ọmọ wa náà ló borí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló jáde fún ọmọ Ìlàjẹ, níwájú ilé Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé. Obìnrin kan kò sì lè ní àtàǹpàkò mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Mo mí kanlẹ̀. Ẹ̀rín ń pa mí, omijé ń bọ́ lójú mi, n kò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ nù. Olórí ẹbí gbé àga rẹ̀, ó ní oòrùn ti mú jù, ó sì wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ilé wíwá.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìròyìn dé pé oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi ló wọlé ní gbogbo wọ́ọ̀dù. Mo lọ bá ìyá ẹlẹ́ja níbi tó ti ń to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún un: ìpàdé, ìbínú, àtàǹpàkò mi. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ọ̀rọ̀ tí gbogbo agboolé ń sọ, ṣé etí mi di ni? Ọmọ yín ni mo dìbò fún."

"Kí ló dé?"

"Níbo ni mo fẹ́ kó ẹrù lọ?" Ó gbé ẹja kan lé òmíràn, ó sì tẹ̀ ẹ́ kó dọ́gba. "Abúlé kan náà lèmi àti ìyá ọmọ tó wọlé yìí ti wá. Lọ́jọ́ tó bí i, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́."

Ó fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì rẹ́rìn-ín wàyí.

"Ẹ ṣé, Tíṣà," ó ní, "tí ẹ bá mi dì í."