Ọjọ́ Tí Àwọn Oníbàárà Bá Wa Bó Ẹ̀wà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èrò mi ni pé gbogbo pálọ̀ ló ní bẹ́ǹṣì gígùn àti tábìlì tí wọ́n fi rọ́bà olódòdó bò, àti pé nínú gbogbo ilé ni àwọn ènìyàn tí kì í ṣe ẹbí ti máa ń wọlé láàárọ̀ tí wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ fi ẹja kún un fún mi." Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá ọmọ kíláàsì mi kan délé wọn, tí mo rí àga tìmùtìmù àti rédíò nìkan ní pálọ̀, mo bi í pé níbo làwọn oníbàárà wọn ń jókòó sí. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ìyá rẹ̀.

Àwọn ọmọ mi ló ní kí n kọ ìwé oúnjẹ. Wọ́n fẹ́ kí n kọ ife mélòó, ṣíbí mélòó. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé bírò báyìí, ènìyàn ni mò ń rí. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọwọ́ yín ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà rí, ohun tí mò ń sọ á yé yín.

Banjul, ní orílẹ̀-èdè Gambia, la ti dàgbà, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Bathurst. Ọ̀fà ni àwọn òbí wa ti wá. Bàbá wa ń ta aṣọ ní ọjà tó wà létí omi, àwọn Yorùbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ìyàwó wọn ṣì wà nílé ní Nàìjíríà sì máa ń bá a wálé jẹun nírọ̀lẹ́. Ẹnìkan wá, ó padà mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání, ọ̀rẹ́ náà mú àbúrò tirẹ̀ dání. Kò pẹ́ tí ìkòkò Ìyá wa fi di ìkòkò ìnáwó lójoojúmọ́. Ni Ìyá bá sọ fún Bàbá lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Ràmónì, tó bá jẹ́ báyìí la ó máa ṣe é, ẹ kúkú jẹ́ kí n máa tà á." Ràmónì ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Bàbá gbé àga rẹ̀ wọ yàrá, káfíńtà kan bá wọn kan bẹ́ǹṣì, bí búkà wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Irú ló kọ́kọ́ fẹ́ pa Ìyá lẹ́kún. Èyí tí wọ́n gbé wá láti ilé ti tán, ọbẹ̀ tí kò sí irú nínú rẹ̀ kò sì jọ ọbẹ̀ lójú rẹ̀. Ìṣápá wà ńlẹ̀ rẹpẹtẹ ní tirẹ̀, àwọn ará ìlú máa ń se òdòdó rẹ̀ mu, wọ́n ń pè é ní wónjò. Ìyá á se ewé rẹ̀, á tọ́ ọ wò, á mí kanlẹ̀. Mo wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ tó dúró láàárín ọjà lójijì, tó gbé imú sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé òórùn kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń yan ẹja kọjá, ó rìn títí ó fi kan ìyá àgbàlagbà kan tó pàtẹ nǹkan dúdú sínú igbá. "Netétù," ni obìnrin náà wí. Ìyá mú un, ó gbé e súnmọ́ imú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Irú ni! Irú ni, Sàfú!" ó pe orúkọ mi. Ó dì mọ́ obìnrin náà níbẹ̀, ẹni tí kò mọ nǹkan kan tó fà á ṣùgbọ́n tó ń rẹ́rìn-ín bá a. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá lá àwo.

Obìnrin Wọ́lọ́ọ̀fù kan tí ń jẹ́ Yáàsìn, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ni Ìyá gbà láti máa ràn án lọ́wọ́. Òun ló mú benakíìnì wọ búkà wa, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n ń fi ẹja àti oríṣiríṣi ẹ̀fọ́ sè pọ̀. Inú Ìyá kò kọ́kọ́ dùn sí i. Ó ní báwo ni ẹja, ẹ̀gẹ́, ìgbá àti kábéèjì ṣe máa há sínú ìkòkò kan ṣoṣo bí èrò ọkọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Yáàsìn sè é, kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrì, àwọn oníbàárà ti ń du èyí tó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Ìyá rọra fi ṣíbí bù ú létí, ó tún un bù, ó wá fi ohùn kékeré béèrè pé, "Kí lo fi sínú ẹja yìí?"

Ohun tó fi sí i rèé. Ó gún áyù, ata àti ewé pásílì pọ̀, ó dá ẹja náà lu lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì kì í sínú rẹ̀. Ó dín ẹja nínú òróró ẹ̀pà, ó kó o jáde, ó fi àlùbọ́sà àti tòmátì sínú òróró yẹn kan náà, ó bu omi lé e, ó se àwọn ẹ̀fọ́ nínú rẹ̀ títí wọ́n fi rọ̀. Ó kó àwọn náà jáde. Omi tó ṣẹ́kù ló fi se ìrẹsì, ó sì dé e pinpin. Ẹ má ṣí i. Yáàsìn máa ń lu ọwọ́ ẹni tó bá ṣí i.

Iṣẹ́ tiwa ọmọdé pọ̀. Ràmónì ń pọn omi láti ẹnu ẹ̀rọ òpópónà, èmi ń ha ìpẹ́ ẹja, mo sì máa ń gbé ìpẹ́ náà lọ sílé ìwé lápá mi, tó ń dán wìnnìwìnnì. Ẹni tó bá ki ìka bọ ọbẹ̀, á kúnlẹ̀, á gbé ọwọ́ sókè, á kọjú sí ògiri, àkókò tí Ìyá bá ń dín dòdò ló sì máa ń yàn fún irú ìyà bẹ́ẹ̀. Bí a bá ráyè, etí òkun la máa ń sá lọ nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn, láti lọ lé akàn. Ràmónì gbé ọ̀kan sínú fìlà oníbàárà kan. Ọkùnrin náà dé fìlà, ó sì jó ijó tí kò sí onílù.

Ní òdìkejì títì ni Gránì Hánà ń gbé, nínú ilé pákó alájà kan. Ọmọ àwọn tó ti Freetown wá ni, Kírísítẹ́nì ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní Aku. Èdè wọn jọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ́tí, ẹ ó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ìyá pe àkàrà létí rẹ̀, ńṣe ló fò sókè. "Una sef de kol am akara?" ló wí, ẹnu yà á pé àwa náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ bí ọmọdé: fùfú, ègúsí, àwùjọ, kómọjádé. Bí ọ̀kan bá bọ́ sí i, àwọn méjèèjì á pàtẹ́wọ́.

Gránì ní àkàrà tí àwọn ń ṣe báyìí, ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó dùn, ṣùgbọ́n ti ẹ̀wà tí ìyá ìyá rẹ̀ máa ń dín, tó máa ń wú ròbòtò, kò tíì tún kàn án lẹ́nu láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, ó bẹ Ìyá pé kó bá òun dín in fún kómọjádé. Ìyá gbà tayọ̀tayọ̀. Àwọn ẹbí Aku máa ń kọjá níwájú búkà wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwo ọ̀dọ̀ wa, Ìyá sì mọ̀ pé ojú tí wọ́n bá fi wo àkàrà yẹn ni wọn ó máa fi wò wá.

Oyún wà nínú Ìyá nígbà náà, ó sì ti tó àkókò. Ó ti rẹ ẹ̀wà sínú ọpọ́n. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ọjọ́ kómọjádé náà, mo rí i tó di òpó ilẹ̀kùn mú, tó di ojú. Bàbá sáré pe takisí. Kí ó tó wọ ọkọ̀, Ìyá nawọ́ sí ọpọ́n ẹ̀wà bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìrora kò jẹ́ kó lè sọ ọ́.

Ní ọsibítù, àwọn nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí Bàbá dúró, wọ́n ní kò sí ohun tí ọkùnrin fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó padà délé, ó dúró lágbàlá, ó ń wo ẹ̀wà.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún Gránì pé kò ní lè ṣeé ṣe," ló wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," mo ti ń sunkún, "mo mọ̀ ọ́n ṣe." Ojú mi mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò tíì dán an wò.

Bàbá wo èmi, ó wo Yáàsìn tó ti ń fẹ́ iná ní tirẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá wa, tí kì í bu omi mu fúnra rẹ̀, bọ́ agbádá, ó fi kọ́ ilẹ̀kùn, ó lóṣòó ti ọpọ́n. "Báwo ni wọ́n ṣe ń bó o?"

Ibẹ̀ la wà tí àwọn oníbàárà àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé: àwọn télọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, àti akọ̀wé kan tó máa ń so táì. Wọ́n rí i pé kò sí oúnjẹ, wọ́n fẹ́ yí padà. Bàbá ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ bá wa bó o, ẹ ó jẹ nínú rẹ̀." Ni wọ́n bá jókòó lóòótọ́. Akọ̀wé ki táì bọ inú ṣẹ́ẹ̀tì. Gbogbo búkà ń bó ẹ̀wà, àwọn kan ń sọ Wọ́lọ́ọ̀fù, àwọn kan Mandíńkà, àwọn kan Yorùbá, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, adìẹ àdúgbò ń ṣa èèpo nílẹ̀. Nígbà tí a lọ̀ ọ́ tán, inú mi ti ń dùn. Mo po ata àti àlùbọ́sà mọ́ ọn, mo bù ú sínú òróró gbígbóná.

Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó mu òróró bí kànìnkànìn.

Yáàsìn fi ọwọ́ kàn mí léjìká. "Sàfú, kí ni ìyá rẹ máa ń ṣe kó tó dín in?"

Mo di ojú. Mo gbìyànjú láti rí Ìyá, ṣùgbọ́n ariwo ló kọ́kọ́ wá sí mi létí, ariwo tó máa ń jí mi láàárọ̀: gbì, gbì, gbì. "Ó máa ń lù ú!" mo pariwo. "A ò lù ú!"

Bàbá gba ọmọrogùn. Ó lu ẹ̀wà yẹn bí ẹni tó ń fi ìyà jẹ ẹ́. Òógùn bo ojú rẹ̀. "Ó tó?"

"Kò tíì tó, Bàbá."

"Ó dáa, Ìyá olóúnjẹ," ó wí, ó sì ń lù ú lọ.

Nígbà tó yá, ó fúyẹ́, ó funfun, èyí tí mo kán sínú omi sì léfòó. Mo bu àkọ́kọ́ sínú òróró. Ó rì, ó jáde, ó yí ara rẹ̀ padà, ó wú ròbòtò. Àwọn télọ̀ hó yèè. Akọ̀wé gbá Bàbá mọ́ra tòun ti òógùn.

A pẹ́ kí a tó gbé e dé. Wọ́n ti gbàdúrà tán nílé Gránì, àwọn ìyáàfin tó dé fìlà ìyẹ́ jókòó yí ká, wọ́n ń wo èmi àti Bàbá tí òróró àti ẹ̀wà bo aṣọ wa. Gránì mú ọ̀kan nínú igbá. Ó gé e jẹ. Ó jẹ ẹ́ tán, ó mú òmíràn, ó wá rọra sọ pé, "Na im dis," òun gan-an nìyí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Àfìgbà tí igbá ṣófo ni àwọn onífìlà tó dìde lórí ìjókòó.

Ní ọ̀sán, wọ́n ránṣẹ́ pé Ìyá ti bí obìnrin. Bàbá fi ìwé wé àkàrà díẹ̀ tí mo fi pamọ́, a sáré lọ. Ìyá jẹ ẹ́ lórí ibùsùn, ọmọ wà lápá rẹ̀.

"Iyọ̀ ti pọ̀ díẹ̀," ló wí. Ó tún jẹ. "Ta ló lù ú?"

"Èmi ni," Bàbá wí, ó nàró ṣánṣán.

Ìyá wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín tó fi di ikùn mú pé ó ń dun òun. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ló ń lu ẹ̀wà ní gbogbo àárọ̀ Sọ́ńdè, nítorí àwọn Aku bẹ̀rẹ̀ sí í yà bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, èèyàn á tò dé títì. Tí a bá ní kí ẹlòmíràn gbà á, inú á bí i.

Talinding, tí kò jìnnà sí Banjul, ni mò ń gbé báyìí. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ mi ní ẹ̀rọ tó ń lọ nǹkan kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó wà ní Kotu létí òkun, wọ́n ń ta benakíìnì fún àwọn òyìnbó nínú àwo pẹlẹbẹ, díẹ̀ báyìí láàárín, tí ewé kan wà lórí rẹ̀. Ó dùn, mi ò bú u. Oúnjẹ ayé ìsinsìnyí ń yá, ó mọ́, kò sì fi ìpẹ́ ẹja sí ènìyàn lápá. Ohun tí mi ò gbọ́ mọ́ ni ariwo tó ń ṣáájú oúnjẹ. Kálukú ń jẹ, kálukú ń tẹ fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú iná lọ lọ́sàn-án nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ mi fẹ́ fi ẹ̀rọ bó ẹ̀wà. Mo ní kí wọ́n gbé ọpọ́n bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n kọ́kọ́ fajú ro. Kò pẹ́, wọ́n ń ju èèpo lu ara wọn, èyí tó kéré jù ń kọrin, ọmọ aládùúgbò méjì ti wá jókòó tì wọ́n. Mo wọlé lọ mú iyọ̀. Mo gbọ́ tí fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Iná ti dé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bu ẹ̀wà rírẹ tó ṣẹ́kù sínú igbá, mo sì gbé e jáde lọ bá wọn.