Èèpo Ọta inú Àpò Verlin

Láti ìgbà tí mo ti ń fọ aṣọ fún Verlin ọkọ mi, ohun kan ni mo kọ́kọ́ máa ń wá nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ kí n tó ju ẹ̀wù náà sínú ẹ̀rọ: èèpo ọta kan ṣoṣo, idẹ ni, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọta inú rẹ̀ ti jáde lọ láti ayé bàbá rẹ̀. Bí mo bá gbàgbé tí ó bá bá aṣọ wọ inú ẹ̀rọ, yóò máa ró gbàràgbàrà níbẹ̀, Verlin yóò sì sáré sọ̀ kalẹ̀ wá bí ẹni pé ọmọ ni mo jù sómi.

Ìbọn bàbá-bàbá rẹ̀ ló fà á. Ìbọn àtijọ́ ni, irú èyí tí a máa ń fa irin abẹ́ rẹ̀ sísàlẹ̀, tí a ó sì dá a padà, kí ọta tó wọ ihò. Àwọn tó ṣe é ti kú tipẹ́. Òkè ìlẹ̀kùn ilé ìdáná ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú tí ìyá mi fún mi nígbà ìgbéyàwó, mo sì máa ń sọ fún Olúwa pé kí ó má bínú, ìbọn ni mo bá níbẹ̀.

Òfin Verlin lórí ìbọn yìí kò gùn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìn ín lófìfo. Ó ní bí òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣubú nígbà tí kò sí nǹkan nínú ihò, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀, ìyẹn irin tín-ín-rín tí ó ń gún ìdí ọta kí ó tó bú, kò ní rí ohun tí yóò gbà á dúró, yóò sì ṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń gbé èèpo kiri: ìsàlẹ̀ èèpo ni yóò gba abẹ́rẹ́ dúró. Láti oṣù kẹsàn-án títí àsìkò ọdẹ yóò fi dé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, yóò jókòó sójú fèrèsé, yóò ti èèpo náà bọ inú ihò, yóò na ìbọn sí àkùkọ onírin tí atẹ́gùn ń yí lórí abà, yóò sì tẹ̀ ẹ́. Kẹ́. Yóò tún gbé òòlù sókè. Kẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ tí mo ti hun bí mo ṣe ń gbọ́ ìró yẹn yóò tó gbogbo ìjọ wa wọ̀, àti akọrin.

Karna ọmọbìnrin wa rú òfin yìí nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ni, àjọ̀dún tí ẹbí máa ń pé jọ jẹun, tòlótòló wà nínú ààrò, àwọn àbúrò Verlin sì kún inú ilé. Ọmọ náà gbé ìbọn sọ̀ kalẹ̀, ó fa irin abẹ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó nà án sí àkùkọ orí abà, ó sì tẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Verlin kò pariwo. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ti ń gba abẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó gbé e padà, kò sì jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án mọ́. Báyìí Karna ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, nọ́ọ̀sì ni ní ìlú Lewistown, kò sì sí ọkùnrin kan lágbègbè wa tí ó mọ ìbọn yìn tó o. Ìbọn òde òní ni tirẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń yìn ín lófìfo kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n. Ó ní kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìbọn bàbá-ńlá rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, kí ó gbé e lọ sígbó lẹ́ẹ̀kan péré. Ọdọọdún ló ń tọrọ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Verlin, ẹ má bi àwọn ọkùnrin ìjọ wa. Nínú yàrá abẹ́ ilé ìjọsìn, níbi tí a ti ń mu kọfí, ìdajì wọn ní yíyìn lófìfo ń ba ìbọn àtijọ́ jẹ́, ìdajì ní ìtàn àwọn àgbà lásán ni. Pásítọ̀ wàásù lórí àlàáfíà lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó wọ̀ mí lọ́kàn débi pé mo sunkún. N kò tíì bu ṣúgà sí kọfí tí wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn ìbọn.

Lọ́dún yìí ojú Verlin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó sọ nídìí oúnjẹ pé òun yóò fi ìbọn náà ṣọdẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà òun yóò fi í fún ilé ohun àtijọ́ ìlú wa. Karna wà níbẹ̀. Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Inú gíláàsì, Bàbá?"

"Ẹnikẹ́ni ò ní lè tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ̀ ẹ́. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn."

"Ẹ̀ẹ̀kan tí mo rí."

Mo dá sí i. Mo ní ọmọ wa kì í ṣe olè, àti pé bí a bá kú, ilé ohun àtijọ́ kọ́ ni yóò wá gbé wa sin. Ó ní kí n na ànàmọ́ sí òun. Mo nà án sí i, Ọlọ́run nìkan ló mọ bí mo ṣe fẹ́ nà án.

Ní ọjọ́ tí àsìkò ọdẹ ṣí, yìnyín fẹ́ẹ́rẹ́ ti bo koríko. Karna ló wa ọkọ̀ nítorí ojú bàbá rẹ̀, èmi sì jókòó sáàárín wọn bí ìrọ̀rí. A sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn oko àlìkámà àwọn Hauge aládùúgbò wa, níbi tí ilẹ̀ ti já sí àfonífojì, a sì rọra rìn dé etí rẹ̀. Akọ àgbọ̀nrín kan dúró nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó fi ìhà sí wa, ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Verlin pàápàá rí i. Ó kúnlẹ̀, ó fa irin abẹ́ ìbọn, ọta wọ ihò, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Kẹ́.

Àgbọ̀nrín gbé orí sókè. Verlin dúró díẹ̀ bí ọdẹ gidi ti ń ṣe, ẹnu ìbọn sí ilẹ̀, nítorí ọta tí a tẹ̀ lè pẹ́ kí ó tó bú. Ó yọ ọ́ nù, ó fa òmíràn wọlé. Kẹ́. Àgbọ̀nrín yípadà, ó sì ń lọ láìkánjú, bí ẹni tí ó jáde nínú ìpàdé tí kò kàn án.

Karna ṣa ọta méjèèjì nínú yìnyín. Ìdí wọn ń dán gbinrin, abẹ́rẹ́ kò dé ara wọn rárá.

"Mo sọ ọ́," ni Verlin wí. "Láti ọjọ́ Ìdúpẹ́ yẹn ni mo ti ń sọ ọ́."

"Bàbá, àgbọ̀nrín mélòó lẹ ti fi pa látìgbà náà?"

"Ó ti sán látọjọ́ yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣẹ́."

Karna kó ọta sí mi lọ́wọ́, ó sì padà sínú ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan kọfí tí mo gbé wá. Mo gbàdúrà fún sùúrù, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbà á ni mo mọ̀ pé kì í ṣe sùúrù ni mo ń fẹ́ ní ti gidi.

Elwin Staudacher ló ń tún ìbọn ṣe nílùú wa, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló ti ń ṣe é, rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la yà sí. Ó tú ìbọn palẹ̀, ó gbọn abẹ́rẹ́ sórí tábìlì: ṣóńṣó orí rẹ̀ ti ṣẹ́. Verlin yíjú sí wa. "Ṣé ẹ rí i?" Inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn.

Elwin ní irin àtijọ́ lè ṣẹ́ fúnra rẹ̀, òtútù náà lè ṣẹ́ ẹ, òun kò lè búra. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ló ń fa irú èyí, Verlin. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lófìfo lójoojúmọ́ ló ń rí i. Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lófìfo." Ó mú èèpo jáde nínú àpò rẹ̀, ó dojú ẹnu èèpo náà délẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú Olúwa. "Láti ọdún tí bàbá mi ti kú ni èyí ti ń wà nínú rẹ̀."

Mo ti yọ èèpo yẹn nínú àpò láìmọye ìgbà, n kò wo ìdí rẹ̀ rí. Ó wá kọjú ìdí sí wa báyìí. Ojú kékeré àárín rẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ mọ́ra, ti wọlé lọ tán, ó di ihò. Mo yọ abẹ́rẹ́ ìhunṣọ mi nínú báàgì, mo tì í bọ̀ ọ́. Kò kan nǹkan kan. Mo fi í gbé èèpo náà sókè síwájú ọkọ mi.

"Bàbá Karna, kí ni abẹ́rẹ́ ìbọn ń lù nínú ibí?"

Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún nà án jìnnà. Elwin lọ yí rédíò, bẹ́ẹ̀ rédíò kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é.

"Ó yẹ kéèyàn máa pààrọ̀ èèpo yẹn, Verlin," ni Elwin wí níkẹyìn.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Mo rántí gbogbo kọfí tí mo ti mu nínú yàrá abẹ́ ilé ìjọsìn yẹn, níbi tí gbogbo ènìyàn ti sọ gbogbo nǹkan fún un. Àwòrán ẹja lára kàlẹ́ńdà ni Karna ń wò.

Elwin ní òun yóò rọ abẹ́rẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ lásìkò ọdẹ, yóò di ẹ̀yìn Kérésìmesì. Ó bèèrè ẹni tí òun yóò pè. Verlin ṣí fìlà, ó wo inú rẹ̀.

"Pe Karna. Òun ni yóò wá gbé e."

"Ilé ohun àtijọ́ ńkọ́?" Mo fẹ́ kí ó sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Wọn ò lè yìn ín."

Nínú ọkọ̀ ni Verlin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni. Ó ní kí Karna máa pààrọ̀ èèpo lọ́dọọdún, kí ó máa wo ìdí rẹ̀ dáadáa, pé àìbìkítà ló ń ba ìbọn àtijọ́ jẹ́. A kọjá ilé ìjọsìn, a kọjá ilé ìkó-ọkà, mo ń retí kí ó sọ pé kí ọmọ náà má bínú. Èèpo tuntun ló ń sọ.

"Ọdọọdún. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Karna wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rí ìbọn gbà, ìyẹn tó o. Kò tíì tó èmi.

Èèpo àtijọ́ náà ṣì wà lórí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ mi. Mo kó o sí ìsàlẹ̀ báàgì, lábẹ́ òwú. Bí Verlin bá wá a nínú àpò rẹ̀ tí kò rí i, ọ̀dọ̀ mi ni yóò wá bèèrè, n óò sì sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ lọ bẹ̀ kí n tó fún un.